Bàbá Tí Kì í Sùn

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin bàbá, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wá láti kó ìyá rẹ̀ lọ sílé tirẹ̀. Ó ti ra páálí, ó ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ de ìyá. Ìyá jókòó ní ilé ìdáná, ó ní òun kò lọ síbì kan.

“Màmá, ẹ ò lè dá gbé inú ilé yìí.”

“Ta ló sọ fún ọ pé mo dá wà?”

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni àkọ́bí kà á sí.

Kí wọ́n tó di ẹrù kankan, àlejò dé. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì tí bàbá ti ṣiṣẹ́ ló ṣáájú, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Obìnrin kan tó ti bá bàbá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàtà tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn rí.

“Aláìsùn là ń pè é,” ni ọ̀gá búrẹ́dì wí. “Àpò kan ṣoṣo ló gbé wọ ìlú yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò pa iṣẹ́ alẹ́ jẹ rí.”

“Ẹ̀rọ la sọ ọ́ lọ́dọ̀ tiwa,” ni obìnrin náà wí. “Tí gbogbo wa bá ń tòògbé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, orin lòun máa ń kọ.”

“Orin kẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, àfi kéèyàn fi ẹ̀mú fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.”

“Ó ti kọ ọ́ tán lọ́dọ̀ wa kó tó dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá ń fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá búrẹ́dì wá sọ ti alẹ́ tí iná ààrò ràn mọ́ ilé. Bàbá ló gbé e pọ̀n jáde nínú èéfín. “Bẹ́ẹ̀, àìsàn èéyi ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin jà nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí iná tó ṣẹ́ yọ, mo ti ní kó máa lọ. Ó ní ọmọ òun wà lọ́wọ́ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀.”

“Èmi ni ọmọ yẹn,” ni àkọ́bí wí. “Bàbá ò lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, sà. Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú títí ilẹ̀ fi mọ́.”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, ọmọ mi. Èèyàn kì í gbàgbé ẹ̀yìn tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n.”

Obìnrin oníbàtà wo ilẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun po tíì.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn àkọ́bí. Iṣẹ́ ló gba bàbá lọ́wọ́ wọn. Alẹ́ kan yẹn nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe bàbá ló di ọwọ́ òun mú, kí ni òun ní tí òun yóò máa rántí?

Ó ronú sẹ́yìn. Bí bàbá ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ìyá a máa bu oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì, ikùn méjì ló ní. Lónìí bàbá yóò ní iyọ̀ pọ̀ jù, lọ́la yóò ní kò tó. Yóò bi í léèrè ohun tí tíṣà wí, yóò wọ yàrá irinṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tí ọmọ kankan ò gbọdọ̀ dé, yóò pààrọ̀ ẹ̀wù, yóò jáde, yóò tún béèrè.

“Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ni.”

“Tún un sọ. Ó dùn mọ́ mi ni.”

Àkọ́bí ń di àwo sínú páálí nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré sáré wọlé. Okùn bàtà ọmọ náà já lánàá lẹ́bàá ibojì, ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n wálé. Bàtà náà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí.

“Ta ló bá ọ rán an?”

“Bàbá àgbà.”

“Bàbá àgbà ti kú, ìwọ ọmọ yìí.”

“Mo mọ̀. Wọ́n ní kí n má pariwo.”

Àkọ́bí bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó yí i padà. Òwú tí wọ́n fi rán an sún mọ́ra, ó le dáadáa, ẹni tó rán an sì ti tọ́jú kókó rẹ̀ sínú awọ kó má baà gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Bàbá nìkan ló máa ń rán an bẹ́ẹ̀. Ìyá ò di abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán awọ mú rí.

Lẹ́yìn ilé, ẹnì kan wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, ẹ̀ẹ̀mejì, irú èyí tó máa ń jí i láàárọ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó ju bàtà náà sílẹ̀, ó sáré lọ síbẹ̀.

Ìyá ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá irinṣẹ́. Ó na apá méjèèjì, ó fi dí i.

“Màmá, ẹ kúrò lọ́nà.”

“Bí o bá ṣí i, o ò ní lè tì í mọ́.”

“Ta ló wà níbẹ̀?”

“Ìdí tí n ò fi lè bá ọ lọ.”

Ó gba abẹ́ apá ìyá kọjá, ó ṣí i. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró kan. Bàbá jókòó lé e. Òun náà wọ dúdú. Ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. Ó wo àkọ́bí títí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà sì gbóná.

“Ìbejì ni èmi àti ẹni tí ẹ sin lánàá, ọmọ mi,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ìwé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa láti gbé ìlú yìí, òun ni àwa méjèèjì sì jọ ń lò.”