Ẹni Tí Ará Ilé Ò Kí

Iṣẹ́ Ìyá Olúfúnmbi ò ju kíkí èèyàn lọ. Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀ délẹ̀: ẹni tí ará ilé ò kí, agbésùnmọ̀mí inú igbó ni yóò kí i. Nítorí náà, láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ìjọba ń fi iná pupa han ìyá, iná kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọn ò kí fún ogójì ọjọ́. Lónìí, iná méje ti forí lé ọ̀nà igbó. Ìkẹjọ ṣì wà nílé. Ó kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún, ọmọ àdúgbò tó ti mọ̀ láti kékeré. Ọkùnrin kan yọjú, àpò léjìká.

"Àjàgbé, ṣé dáadáa lo jí?"

Àpò já bọ́. "Ìyá, látìgbà tí màmá mi ti kú, ẹnìkan ò fi oríkì pè mí mọ́."

Ó gbé fóònù sétí, ó pe àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ wọ igbó. "Ẹ má dúró dè mí mọ́. Èmi ti délé."

Ẹnu ya Ìyá Olúfúnmbi. Lójú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, iná méje náà dúró, wọ́n sì ń yíjú padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àjàgbé," ó na ẹ̀rọ náà sí i, "kí loríkì wọn?"