Obìnrin Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Láti ìgbà tí òjò ti dá ni ọkọ aránṣọ ti ń fá irùngbọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Yóò ti ibi iṣẹ́ dé, yóò wẹ̀, yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó rẹ̀ rán fún un, yóò ní òun ń lọ sí ìpàdé. Ọ̀gá àgbà ni ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ìpàdé kì í sì í wọ́n nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ń fá irùngbọ̀n lọ sí ìpàdé?" Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti aránṣọ ló béèrè. "Ọ̀rẹ́ mi, la ojú ẹ o."

"Ọkọ mi ò lè fi mí sílẹ̀." Aránṣọ fi eyín já òwú.

"Ẹ gbọ́ o! Kí lo fún un jẹ?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín.

Òótọ́ ni pé ìjà wọn kì í pẹ́. Bí ohùn ọkọ bá ti fẹ́ ròkè, ìyàwó á kàn ní, "Ṣé o ti gbàgbé ni?" Ọkùnrin náà á rẹ ohùn sílẹ̀, á máa wo ilẹ̀. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà nígbà èwe, tábìlì wọn sì tẹ̀ lé ara lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá. Ọkùnrin yege, ó tẹ̀ síwájú. Obìnrin fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ ní àwọn ò fẹ́ ẹni tí kò kàwé, ọkùnrin náà ní òun ò ní í fẹ́ ẹlòmíràn. Gbogbo ayé ní ìfẹ́ nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, aránṣọ tètè ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì tọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó rí i tó ra ọsàn, tó ń ṣà á níkọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tí kì í ra nǹkan wálé bí a ò bá rán an! Ó rí i tó kan ilẹ̀kùn kan. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ṣí i, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ pẹ́ lónìí."

Ilẹ̀kùn padé. Owú ru sókè nínú aránṣọ débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó bọ́ yẹtí rẹ̀, ó kó o sápò, ó yí sẹ́yìn ilé. Fèrèsé kan ṣí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ dúró níwájú pátákó dúdú kan. Ẹfun ti ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ tún un ṣe, sà," ni obìnrin náà wí. "Ẹ gbé nọ́ńbà yẹn kọjá, ẹ ò yí àmì rẹ̀ padà."

"Àwọn ọmọ abẹ́ mi ló ń bá mi ṣe ìṣirò ní ọ́fíìsì. Èmi kàn ń fọwọ́ sí i ni."

"Ṣé ẹ máa tún ìdánwò ìṣirò yẹn ṣe lóòótọ́? Ẹ kúkú ti ní ìwé ẹ̀rí."

"Mo ní in. Kì í jẹ́ kí n sùn." Ó nu pátákó náà. "Tíṣà mi, bí mo bá lè fọwọ́ ara mi yege, ọrùn mi á bọ́ lọ́wọ́ gbèsè."

"Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Òun gan-an ni mi ò lè sọ ọ́ fún."

Àga kan àti àpò ọsàn ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọn ò fọwọ́ kan ara wọn. Aya ẹlòmíràn ì bá kúnlẹ̀ dúpẹ́, ì bá wọ yẹtí rẹ̀ padà, ì bá máa lọ sílé. Aránṣọ di irin fèrèsé mú.

Ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ká ní orí ibùsùn ló bá wọn, nítorí pé lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá yẹn, òun ló kọ nọ́ńbà ìdánwò ọmọkùnrin náà sórí ìwé ìdáhùn tí òun ṣe, tó sì kọ nọ́ńbà tara rẹ̀ sórí ìwé òfìfo ọmọkùnrin náà, kò sì sí ohun mìíràn tó so ọkùnrin náà mọ́ ọn láti ọjọ́ yẹn.