Ọgọ́ta Àwo

Obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ń wá oògùn tí yóò mú iṣan ìmọ̀lára hù padà, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka lọ sí ọpọlọ. Télọ̀ ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀rọ sì ti gé iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un, àfi tó bá rí ẹ̀jẹ̀ kó tó mọ̀.

Ọdún kan gbáko ló fi ṣe oògùn náà. Ìgò kékeré kan péré ló kún, ó sì mọ́ gaara bí omi. Ó gbé e fún àgbàlagbà tó ń bá a ṣiṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kòfọ́rí, nítorí ó máa ń fọ́nnu pé fún ọdún méjìlélógún, ìgò kan kò fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ rí. Ọgọ́ta àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n to sẹ́ẹ̀lì iṣan sí. Bàbá yóò kán oògùn sí ọgbọ̀n, omi iyọ̀ lásán sí ọgbọ̀n, yóò kọ nọ́ńbà sí wọn lára, yóò sì fi ìwé tó ṣàlàyé èwo ni èwo sínú dúróà rẹ̀. Ẹni tí yóò wọn gígùn iṣan kò gbọdọ̀ mọ̀. Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló ṣòfin ọ̀hún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí Bàbá lọ jẹun, obìnrin náà ṣí dúróà ọ̀hún. Ó kàn fẹ́ yọjú wò ó ni, àmọ́ ó kà á tán.

Nígbà tí Bàbá dé, ojú ń ti obìnrin náà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó rí i pé báńdéèjì wà ní àtàǹpàkò Bàbá, kò lè béèrè. Bàbá náà kò wo ojú rẹ̀. Ẹni tó máa ń fi awò ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láràárọ̀ kò bá a ṣeré mọ́. Ó gbà pé Bàbá ti rí òun.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi wọ̀n wọ́n lábẹ́ máíkírósíkópù. Ibi tí fọ́nrán kan parí sí kì í hàn kedere, ojú ẹni tó ń wò ó ló ń pinnu. Nígbà tó ṣe tán, ó sọ fún Bàbá pé àwọn tó gba oògùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ní ìlọ́po méjì. Bàbá gbé tíréè ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Àwọn tó gba oògùn?"

"Gbogbo ọgbọ̀n, Bàbá."

Bàbá lọ ń fọ àwọn àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn dókítà yóò yẹ èsì náà wò. Bí wọ́n bá gbà á, àbúrò rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́. Ó ti fi òróró sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní ohun tójú ń wá lojú ń rí, pé aṣọ ẹ̀gbọ́n òun lòun máa kọ́kọ́ rán. Ọ̀rọ̀ yẹn gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ọkàn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ bá Bàbá nídìí ẹ̀rọ omi. Ó dá a lójú pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Bí òun bá jẹ́wọ́, wọ́n á tún un wọ̀n ni, àbúrò òun á sì fi oṣù kan dúró sí i.

"Bàbá, mo ṣí dúróà yín. Mo ti mọ nọ́ńbà wọn kí n tó wọ̀n wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ rí mi."

Bàbá pa omi. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń wo àpá àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì ní ìtìjú ni kò jẹ́ kóun lè wò ó lójú láti ìgbà yẹn.

"Ẹ dárí jì mí, ọ̀gá mi," ni Bàbá wí, "ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ìgò yẹn fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, omi iyọ̀ ni mo kán sínú ọgọ́ta àwo náà pátá."