Akọ̀wé Tó Fi Àwọ̀ Ewé Bo Àrùn Oko Rẹ̀

Olúmúyìwá ba oko ẹ̀gẹ́ mi jẹ́. Éékà méjì, kò ku igi kan tó ṣeé mú. Ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi kà á tán, nítorí ohun tó ṣe mí lè ṣe yín níbi tẹ́ ẹ wà yẹn.

1.
Ní abúlé wa lẹ́yìn Lálúpọn, a kì í ra igi ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ gbìn. Ẹni tó bá wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á kó igi jọ, aládùúgbò á wá gé tirẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé bí igi ṣe ń ti oko dé oko, bẹ́ẹ̀ ni àrùn tó ń ká ewé jọ ń bá a rìn.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sharon, òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀, ló fi máàpù kan hàn wá lórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni. Àgbẹ̀ Kútọnu wà níbẹ̀, àgbẹ̀ Ùgáńdà wà níbẹ̀, gbogbo wa la jọ ni ín. O ó ya fọ́tò ewé rẹ, fóònù á sọ bóyá ara rẹ̀ le. Oko tó bá mọ́ á gba àwọ̀ ewé. Oko tó bá ní àrùn á pupa, kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé wa yan Olúmúyìwá, akọ̀wé wa, pé kó máa fi àmì sí oko gbogbo wa. Ó ti ṣe tíṣà rí, ó sì mọ fóònù tẹ̀.

2.
Oko Mùjíbátù, ìyá Safwan, ló kọ́kọ́ pupa. Olúmúyìwá dìde ní ìpàdé.

"Ìyá Safwan, oko pupa, oko ọ̀lẹ. Ṣé ẹ máa ń dé oko yẹn ṣá, àbí ẹ kàn ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀?"

Mùjíbátù ní, "Akọ̀wé, àrùn kì í béèrè ẹni tó ń roko."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́. Mùjíbátù wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó sun ún. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí ní ìpàdé.

3.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ wo ohun tí ìgbéraga ń ṣe.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ewé oko Olúmúyìwá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ká. Ó ya fọ́tò. Fóònù ní àrùn ni, máàpù sì pupa. Ó rántí ẹnu tó fi bú Mùjíbátù. Bẹ́ẹ̀, àwọn àlejò onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń bọ̀ láti Mọ́níyà wá wò ó gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ àwòkọ́ṣe. Ló bá tẹ fóònù, ló dá àwọ̀ ewé padà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ń wú apá kan oko rẹ̀, ni mo bá lọ gé igi. Mo rí ewé kan tó rún.

"Akọ̀wé, kí ló ṣe èyí?"

"Oòrùn ni, Ìyá Ṣeunfúnmi. Ẹ ò gba máàpù gbọ́ mọ́ ni? Àbí kí n bá yín pe dókítà sí i?"

Mo wo fóònù mi. Àwọ̀ ewé ni. Mo fi ojú mi rí ewé tó rún, mo tún gba àmì ọwọ́ akọ̀wé gbọ́ ju ojú mi lọ. Ogún ìdì ni mo gé. Àwọn ará Àkànrán náà rí àwọ̀ ewé yẹn lórí fóònù tiwọn, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì wá kó ogójì.

4.
Kí òjò tó dá, oko mi ti ká bí ewé tí iná rà. Oko àwọn ará Àkànrán náà ti ká, wọ́n ń pè mí láàárọ̀, wọ́n ń pè lọ́sàn-án. Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo ní kí Sharon wá bá wa ní ìpàdé.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣí máàpù, ó tẹ ibì kan, ni orúkọ ẹni tó yí àmì padà bá jáde. Pupa láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọ̀ ewé lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Olúmúyìwá.

Mo ní, "Akọ̀wé, kí ló dé?"

"Ojú ló tì mí."

Mùjíbátù dáhùn láti ẹ̀yìn, "Èmi tẹ́ ẹ pè lọ́lẹ ńkọ́? Ṣé mi ò lójú ni?"

Lọ́jọ́ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

5.
Oko Olúmúyìwá ti di eérú. Àwọn àlejò yà síbòmíràn. Àwọn tó ń bójú tó máàpù sì ti yọ gbogbo abúlé wa kúrò nínú àwọn tí a lè gba àmì wọn gbọ́ lórí máàpù. Roheem, ọmọ ẹgbẹ́ wa tí oko rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò rí ẹni gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àgbẹ̀ ilẹ̀ púpọ̀ jọ fọwọ́ tò, ọwọ́ ẹnì kan ló tú u ká.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé lé lọ́wọ́, ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀, kódà bó jẹ́ oko tiyín ló máa pupa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ẹni tí àrùn mú oko rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jáwọ́. Ẹ̀rín wa wà lára ohun tó kọ́ Olúmúyìwá ní irọ́. Ẹni tó bá fi àrùn pamọ́ ti kọjá oore oníṣègùn.

Akọ̀wé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dé orí fóònù yín. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lánàá, ilẹ̀ mi sì ṣófo. Níbo ni kí n ti rí igi gbìn? Ẹ má rán ìyàwó yín wá bẹ̀ mí mọ́. Ẹ wá sí ìpàdé ọjọ́ Sátidé, ẹ dìde lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹ dá mi lóhùn.