Àyè Orúkọ Tó Ṣófo

Nígbà tí Qanitah rí àṣìṣe náà, oòrùn ti ga, iná ò sì sí ní gbogbo Òkè-Ìlá ní Adó.

Ó jókòó sí pálọ̀ ìyá rẹ̀, kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, bátìrì ńlá lábẹ́ ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń wá epo nínú òkun ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò yé àwọn ará àdúgbò, nítorí kò sí ẹ̀kán epo kan lábẹ́ àpáta Adó. Ìyábọ̀ onídìrí, tó máa ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá àwọn èèyàn gba iná sí fóònù, ti gbé kẹ́ẹ̀gì wá bá a rí pé kó bá òun bu kẹrosíìnì díẹ̀ wá láti ibi iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń ya àwòrán ilẹ̀ abẹ́ òkun. Òmíràn wà tó ń darí irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Qanitah ló kọ ètò ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn, ní ìlànà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ epo jọ fọwọ́ sí: iye kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fọwọ́ kan iye náà, àyè wà tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú ohun tó ṣe.

Láti ojú omi ni ètò àkọ́kọ́ ti ń wọ̀n. Ìkejì ń wọ̀n láti orí pèpéle irin tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró lé, èyí tó fi mítà márùndínlọ́gbọ̀n ga ju omi lọ. Ògbufọ̀ Qanitah kò fi mítà márùndínlọ́gbọ̀n yẹn kún iye tó wà nínú fáìlì tó ti fi ránṣẹ́ lánàá.

Gáàsì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Bí irin bá ti ń sún mọ́ ọn, ẹrẹ̀ wúwo ni wọ́n máa ń dà sínú ihò láti fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tètè dà á jù, àpáta á là, ẹrẹ̀ á sá lọ, gáàsì á sì yọ. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, gáàsì á ti yọ. Èyí ó wù kó jẹ́, iná ni. Jùbrílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí pèpéle yẹn. Òun ló ń gba fáìlì rẹ̀ wọlé. Òun náà ló bá a wá iṣẹ́ yìí, tó fọwọ́ sọ̀yà fún Ọ̀gá Bámgbóyè pé àbúrò òun kì í ṣe àṣìṣe.

Qanitah gbé ìka lé orúkọ Bámgbóyè lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìpè ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ìka kúrò.

Ó fi mítà márùndínlọ́gbọ̀n kún iye náà. Ó fún fáìlì tuntun ní orúkọ ti àná, ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Èyí tó bá wà níbẹ̀ gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń lò lórí pèpéle. Ó fi àyè orúkọ sílẹ̀ ní òfìfo.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ìdáná. Láti èṣí ni Màmá ti máa ń gbàgbé iyọ̀. Bí wọ́n bá ti lọ ṣe àlùwàlá, Qanitah á ṣí ìkòkò, á bu iyọ̀ sí i, á dé e padà. Nígbà tí Jùbrílù wálé Iléyá, tí òun náà ń wọ ilé ìdáná jáde, ọbẹ̀ náà korò fún iyọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó lò. Wọ́n ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

"Tọ́ ọ wò," ni Màmá wí nígbà tí wọ́n kírun tán. "Uyọ̀ rẹ̀ dọ́gba àbí kò dọ́gba?"

"Ó dọ́gba, Màmá."

"Kí ẹnìkan wá sọ pé mo ti darúgbó."

Lẹ́yìn ìrun alásárì, ìpè ilé-iṣẹ́ wọlé sórí kọ̀ǹpútà.

"Àbúrò mi."

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé fáìlì wọlé?"

"Ó wọlé. Wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó ti débẹ̀."

"Ṣé ẹ yẹ iye rẹ̀ wò?"

"Kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò? Ṣebí ìwọ lo ṣe é." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ní ká wá irú rẹ kan sí i. Mo ní wọn ò bí i ní méjì. Fóònù rẹ ńkọ́? Mo pè é títí."

"Ó ti kú láti àná. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyábọ̀."

"Ó dáa. Bó bá ti tàn, wàá bá ohùn mi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n se ọbẹ̀."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ó tó."

"Mo mọ̀ pé wàá ti rí sí i," ni Jùbrílù wí, ó sì gbé ìpè náà sílẹ̀.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ọkàn Qanitah balẹ̀. Ó wọ sálúbàtà, ó lọ gba fóònù rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀.

"Ìyá elépo!" Ìyábọ̀ kí i láti ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀. "Gba nǹkan rẹ. Ó ti kún dẹ́múdẹ́mú. Kẹrosíìnì mi dà?"

"Ó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó tan fóònù náà níbi ilẹ̀kùn, ó sì gbé e sétí.

"Qanitah, mo rí ohun tí o gbàgbé nínú fáìlì," ni ohùn Jùbrílù wí, èyí tó ti fi ránṣẹ́ láti àárọ̀ kùtù, "má sọ fún ẹnikẹ́ni, má sì fọwọ́ kan nǹkan kan: mo ti ṣètò ẹ̀rọ tibí kó máa fi mítà márùndínlọ́gbọ̀n kún ohunkóhun tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ wọlé, n kò sì kọ orúkọ síbẹ̀."