Òkété àti Àgbàrá

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́nu ihò Òkété lẹ́bàá odò. Bí òjò bá ti ṣú, Òkété a kó èèpo èkùrọ́ àti ewé gbígbẹ dà sínú àgbàrá, a sì máa kọrin:

Òjò, wá gbé e lọ,
*Gbé e lọ!*
Kó má ṣe dúró nílé mi,
*Gbé e lọ!*

Ẹnu ọ̀nà Akàn nísàlẹ̀ odò ni gbogbo rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ó sú Akàn. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ló ń kó ẹ̀gbin ẹlẹ́gbin.

"Òkété, mo bẹ̀ ọ́, gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé rẹ. Bí ìdọ̀tí náà bá jẹrà, ilẹ̀ rẹ á lọ́ràá."

"Ta ló bi aláìlórí léèrè?"

Akàn padà sílé, kò kó ẹ̀gbin mọ́.

Nígbà tí òjò ńlá dé, ìdọ̀tí dí ojú odò pa. Omi kò rọ́nà lọ, ó yí padà, ó ya wọ ihò Òkété. Agbára káká ló fi kó àwọn ọmọ rẹ̀ yọ.

"Ìkà wo ló dí odò?"

Akàn gbé èèpo èkùrọ́ kan sókè. "Wo ojú eyín tó wà lára rẹ̀. Ṣé èmi aláìlórí léyín ni? Ó yá, kọ orin rẹ, ká bá ọ gbè é."

Òkété kò lè kọ ọ́. Kòtò ló ń gbẹ́ nígbà tí mo fi wọ́n sílẹ̀.