Password Iléèwé Fúnmilọ́lá

Ọmọ mi Elkanah tún tẹ password. Website iléèwé tún kọ̀ ọ́.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ni Jọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí. "Tí a bá tún ṣì í tẹ̀, wọ́n máa tilẹ̀kùn mọ́ wa. Tó bá di aago méjìlá tí a ò tíì wọlé forúkọ sílẹ̀, wọ́n á gbé àyè ọmọ wa fún ẹlòmíì."

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.

Funmilola2014 ni wọ́n ń tẹ̀ ṣáá. Wọ́n fi F ńlá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi f kékeré bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àmì ìyanu kún un.

Mo jókòó sínú pálọ̀ wọn ní Ìkòsí, inú ń bí mi.

Fúnmilọ́lá, Fúnmilọ́lá! Ìyá Jọkẹ́, tó ń gbé ní àdúgbò Anthony, ló sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo bí bàbá ọmọ sọ ọ́ ní Ìbíyẹmí. Ta ló fi pè é rí? Wọn ò kọ ọ́ sára kéèkì ọjọ́ ìbí rẹ̀ pàápàá.

Jọkẹ́ bú sẹ́kún.

"Ẹ tẹ Ibiyemi2014," mo wí.

"Mummy, a ò lo ìyẹn rí," ni Elkanah wí.

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Ó ṣí.

Jọkẹ́ pariwo ayọ̀. Elkanah ò pariwo. Ojú mi ló ń wò.

"Mummy, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ lọ ra ata ní Mile 12, ẹ ò pa kọ̀ǹpútà. Website ní kí a fi password tuntun sí i. Mo fi sí i."

Mo yíjú sí ọmọ mi.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ gbìyànjú láàárọ̀ yìí, Elkanah. Ẹ ò dán tèmi wò."